Ohun Tí Ó ń Lé Oníṣègùn Padà Sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí ni àwọn oníṣègùn òyìnbó, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ ìlera, àwọn tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ yege, tí wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n tún padà lọ jókòó bí ọmọ ilé-ìwé láti wá oyè ọ̀mọ̀wé. Kí ni ó ń lé wọn? Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Èdè ni mo fi ń jẹun ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí láti ibì kan, n ó sì sọ ibẹ̀ ná kí n tó wọ inú ìtàn.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó Ọ̀tà ni ó mú ìwé ìbéèrè kan wá bá mi pé kí n bá òun yí i sí Yorùbá. Ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ni ó ń ṣe, orí ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìwádìí náà sì dá lé. Ẹni tí ó bá ti gba Ṣàngó kọjá rí yóò mọ irú ibi tí ó jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, èkejì gba Ọ̀tà lọ sí Ìdìrókò. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti máa rọ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ti irin, ti ike, ti oúnjẹ àti ti oògùn. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn mìíràn ni yóò tún máa wọlé lọ fún iṣẹ́ òru. Mo bi nọ́ọ̀sì náà léèrè ohun tí ó sún un dé ìdí iṣẹ́ ńlá yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní í purọ́ fún yín, ìdí méjì ni. Àwọn ọkùnrin tí wọn kò tí ì pé 40 ọdún ń ṣubú nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé wọn wá bá wa, ìgbà náà ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru tipẹ́tipẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó fà á. Ìdí kejì ni pé bí n kò bá ní oyè náà, kò sí yunifásítì tí yóò fi mí ṣe olùkọ́ tí yóò lékè."

Mo bá a lọ sí inú Ọ̀tà lọ́jọ́ kan láti gbọ́ bí Yorùbá mi yóò ti dún létí àwọn onílé. A bá ìyá àgbà kan níwájú ìta, a sì bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín máa ń ru?" Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ru? Òkú nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sinmi." Ìwé ìbéèrè mi di ẹ̀rín. Ìyá náà tún bi wá ní ìbéèrè kan lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n n ó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àìsàn àti ipò: ìdí méjì tí nọ́ọ̀sì yẹn wí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láyé àtijọ́ ìfẹ́ ọmọnìkejì nìkan ni ó ń ti ọ̀mọ̀wé kiri, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ti òde-òní ni wọ́n ń lé oyè. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 1855 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ láti Sàró lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú wọn, nítorí pé ibà ń pa àwọn oníṣègùn òyìnbó tí wọ́n ń rán wá sí etíkun wa. Méjì nínú wọn ni William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti James Horton, tí àwọn òbí tirẹ̀ jẹ́ Ìgbò tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Davies gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní St Andrews ní 1858. Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní 1859. Àpilẹ̀kọ tí Horton fi gba oyè ni ó dá lé ilẹ̀, omi, ojú-ọjọ́ àti àìsàn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó fi orúkọ mìíràn kún orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ó ń jẹ́ Africanus, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé náà má baà ṣì í mú fún òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn. Ọmọ ẹni tí a ti dè ní ẹrú rí ni ó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Edinburgh. Bí ó bá fẹ́ oyè gíga nítorí pé àwọn kan ń wí pé orí ènìyàn dúdú kò lè gba ìwé, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ó lè fi ẹsẹ̀ àwọn ará Edinburgh tàbí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe ìwádìí kí ó sì gba oyè kan náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ni ó kọjú sí.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1889, ní Edinburgh kan náà, ni Obadiah Johnson gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn. Àkòrí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sàró ni, Ìbàdàn ni ó sì gbé nígbà èwe rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n bá àwọn oníwàásù wá síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn rárá. Wọ́n mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àbúrò Samuel Johnson. Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Òyìnbó, tí Samuel sì kú ní 1901, Obadiah ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, tí ó tún un kọ. Ó kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921. Bí ó bá ṣe pé oníṣègùn yìí kò ti kọ́ bí a ti ń fi sùúrù to ẹ̀rí lé ẹ̀rí, bóyá ọwọ́ àwa onímọ̀ èdè àti ìtàn ìbá ṣófo lónìí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí n kì í fi í bá àwọn oníṣègùn ṣe ìjà ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀.

Oyè náà kò sì gba Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Nínú iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, owó tí òyìnbó ń gbà ju tiwọn lọ. Nígbà tí ó di 1902 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí abẹ́ ẹ̀ka kan, wọ́n là á sílẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Oyè ń bẹ lọ́wọ́, ìlẹ̀kùn sì tì.

Ìlẹ̀kùn náà kò ṣí dáadáa títí yunifásítì fi dé Ìbàdàn ní 1948, tí ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì ṣí ní 1957. Láti ìgbà náà ni ìdí tí ènìyàn fi ń wá oyè ti yí padà díẹ̀. Kì í ṣe ti pé kí òyìnbó gbà pé a gbọ́n mọ́. Àwọn àga ìkọ́ni ṣófo, àwọn aláìsàn sì kún iwájú. Oládiípọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó tí a bí ní 1933, lọ sí Oxford, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1964 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn oníṣègùn òyìnbó kan ti wí rí pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà. Akínkugbé padà sí Ìbàdàn, ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín títí tí ó fi kú ní 2020. Nọ́ọ̀sì wa ti Ṣàngó, ọ̀nà tí ó ti là ni ó ń tọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá kò tètè ní àyè. 1965 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní ẹ̀kọ́ oyè, Elfrida Adebo sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti gàrí.

Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tí ó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, rí i pé àwọn ènìyàn kan ń wá bá òun tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọn kò lè rìn tààrà, tí ojú ń ṣú, tí etí sì ń di. Ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Gàrí ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. A mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rin ín, tí wọ́n ń dì í sínú àpò fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n ń fún un, kí wọ́n tó yan án. Ọ̀ṣúntókun yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò, ó sì bá ohun tí oró yẹn máa ń dà lára ènìyàn níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1968. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jáde kúrò ní ọsibítù, wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti sí Òsósà, ìlú Hubert Ogúndé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, láti ka iye ènìyàn tí àìsàn náà ń bá jà. Gbogbo ayé ìṣègùn gbà pé ẹ̀gẹ́ ni ó fà á.

Nígbà tí ó fi tó ọgbọ̀n ọdún, oníṣègùn mìíràn láti Ìbàdàn, Olúwọlé, ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ Karolinska ní ìlú Stockholm, ní Sweden. Ó lè fi ohun kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀ ṣe ìwádìí. Òsósà ni ó padà sí. Ní 2000 òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é sọ fún ayé pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ó tún lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí oró ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ lára àwọn ènìyàn. Kí ni ó bá níbẹ̀? Àìsàn náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ó wá kọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé oró ẹ̀gẹ́ kò tó láti jẹ́ ìdí rẹ̀, bí a tilẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀ṣúntókun ti kú ní 1995, kò sí níbẹ̀ láti fèsì. N kò rí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀ fún àgbà náà. Ẹni tí ó jáde lọ bi àwọn ará abúlé ní ohun tí wọ́n ń jẹ ni ó la ọ̀nà. Ẹni tí ó tẹ̀lé e bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìlú tiwa, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rù láti sọ pé ọ̀gá ọ̀gá òun ṣì í, ohun tí Olúwọlé ṣe kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó fa àìsàn náà gan-an, a kò tí ì fẹnu kò lé e lórí.

Ti ipò kò sì lọ. Láti 1979 ni ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ti àwọn oníṣègùn ti wà ní Nàìjíríà, tí ń fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní oyè tí ó ga jù lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àjọ tí ń ṣàkóso yunifásítì wá ń béèrè oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ni ní ìṣègùn, ariyanjiyan gba ìlú: àwọn kan ní oyè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti tó, àwọn kan ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ abẹ kò fi dandan mọ ìwádìí. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ipá tì sí ìdí ìwádìí yóò wá àkòrí tí yóò tètè parí. Mo ti ka irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀, iye nìkan ni.

Ọ̀tà wá ń kọ́? Ìlú Àwórì àtijọ́ ni, òwò àti oko ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó dé. Nísinsìnyí, yunifásítì méjì ni ó wà lójú ọ̀nà Ìdìrókò, Covenant tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 àti Bells tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Àwọn apòògùn tí ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn kò jìnnà sí wọn. Ìbéèrè pọ̀ nílẹ̀: èéfín, ariwo ẹ̀rọ, iṣẹ́ òru, omi. Ní 2008 ni Omole àti Longe tẹ ìwádìí jáde lórí odò Illo ní Ọ̀tà, bí omi ẹ̀gbin láti ilé ìpẹran ṣe ń bà á jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ti àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe oníṣègùn. Wọ́n ti yẹ omi náà wò. Ó ku kí ẹnì kan láti inú iṣẹ́ ìlera jókòó ti àwọn tí ń gbé etí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì tí ìyá àgbà yẹn bi wá ni pé, "Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ta ni yóò wá kà á fún wa?" Nọ́ọ̀sì wò mí, èmi náà wò ó. Ó ti gba oyè rẹ̀ báyìí. Ìwé náà wà ní ilé-ìkàwé, ó nípọn, Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láìpẹ́ yìí ni ó tún wá bá mi, ó mú ojú-ìwé mẹ́rin lọ́wọ́ pé kí á kọ wọ́n ní Yorùbá kí òun lè lọ kà wọ́n fún àwọn ará àdúgbò náà. Orí gbólóhùn àkọ́kọ́ ni a ṣì wà. Òun fẹ́ kí á kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru", nítorí ohun tí gbogbo ọsibítù ń pè é nìyẹn. Èmi ní kí á tún ọ̀rọ̀ náà wá.