Kọ̀ǹpútà Há, Kò Dì

Inú bí mi sí ìwé ìléwọ́ kan tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, láìpẹ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ láti kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe lè tọ́jú kọ̀ǹpútà inú ilé. Èrò rere ni, mo sì kí wọn pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí ẹ̀rọ ti dúró sójú kan, tí kò lọ tí kò bọ̀, ohun tí wọ́n kọ ni "bí ẹ̀rọ ayárabíàṣá rẹ bá di yìnyín". Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí òǹkàwé "pààrọ̀ awakọ̀ rẹ̀". Ta ni awakọ̀? Ibo ni yìnyín ti wọ̀ ọ́? Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ìwé náà. Wọ́n tún wá ń fi "rẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀.

N kò ní jà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Iná, wáyà, bátìrì, fáànù, bọ́tìnì, ojú kọ̀ǹpútà: kò sẹ́ni tí ìwọ̀nyí ń dààmú. A ń tan ẹ̀rọ, a ń pa ẹ̀rọ, a sì ń pa á tún tàn. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ fún un, àtúntàn nìyẹn. Kòkòrò tó fún ohun tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ń ràn mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, bí kòkòrò àrùn ṣe ń ṣe.

Ayárabíàṣá ni kí n kọ́kọ́ yanjú. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, mo sì fẹ́ràn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó fi asọ̀rọ̀mágbèsì pe àpótí rédíò Rediffusion mọ èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó sọ tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán. Ìbàdàn níhìn-ín ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, orúkọ amóhùnmáwòrán sì ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe hun wọ́n: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, kí odidi àpólà-ìṣe wá tẹ̀lé e. Oríkì ni wọ́n. Oríkì ń sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá. Kì í ranni lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó bá ń ṣàìsàn. Bí mo bá ní ayárabíàṣá mi kò yára mọ́, gbólóhùn náà ti ń bá ara rẹ̀ jà. Kọ̀ǹpútà ni èmi ń kọ, n kò sì tijú rẹ̀. A ti yá wákàtí àti wàhálà lò tipẹ́tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ilé bàbá wọn. Kódà nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ní 1984, fóníìmù àti mọ́fíìmù ni à ń lò ní kíláàsì títí di òní. Orúkọ ohun èlò ṣeé yá. Ìṣe ni n kò gbà kí a yá, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi là.

Ó di orí yìnyín. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú kí odò le, ó yé mi pé wọ́n lè fi dídì pe ìdúró lójijì. Níhìn-ín, omi, ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ló ń dì, wọ́n sì ń dì díẹ̀díẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe olómi. Èyí tó burú jù ni pé ooru gan-an lè fa àìsàn yìí nílẹ̀ wa. Lásìkò ọyẹ́, eruku á wọ inú fáànù, á dí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ọpọlọ ẹ̀rọ á gbóná. Bó bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, yóò dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná, bí kò bá sì tù ú, yóò pa ara rẹ̀. Ṣé ohun tí ooru fà ni a ó wá máa pè ní yìnyín?

Ẹ lọ sí Àgbówó, níwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé àtàwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti pọ̀ bí nǹkan. Ẹ ó gbọ́ "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo èyí, ó tún ń háàǹgì." Háàǹgì ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí ẹ gbọ́ ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: há! Egungun ẹja há síni lọ́fun. Kọ́kọ́rọ́ há sínú àgádágodo. Ọkọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní àdúgbò Challenge. Nínú gbogbo wọn, nǹkan ń lọ tẹ́lẹ̀, ohun kan dá a dúró, kò sì tíì bàjẹ́. Ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn. Há tún mú èkejì rẹ̀ wá pẹ̀lú: ohun tó há ṣeé yọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows láti fòpin sí iṣẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ, yíyọ ni ẹ ń yọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé dì la mú, a ó ní kí wọ́n yọ́ kọ̀ǹpútà bí òrí.

Àwọn kan lè sọ pé há ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn: ọ̀nà há, a há ẹ̀kọ́ sórí, ọlọ́pàá fi èèyàn sí àhámọ́. Mo ní kí wọ́n tún un wò. Àyè tó fún mọ́ ohun ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹbí kan ni wọ́n. Ó tún rọrùn láti ṣẹ̀dá lára rẹ̀: híhá fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, aláìhá fún ẹ̀rọ tó dáńtọ́. Ẹ gbìyànjú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú háàǹgì kí ẹ wò ó. Pé há jọ ti Gẹ̀ẹ́sì létí kò bà á jẹ́. Éèdì tí a fi pe àrùn AIDS jọ ti Gẹ̀ẹ́sì náà, ó sì tún bá èèdì tí àwọn baba wa mọ̀ tan, bóyá ìdí tó fi múlẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n há nìkan kò tó. Ẹ tẹ bọ́tìnì Caps Lock nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kan ló há, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì gbọ́. Bí iná náà kò bá mira, gbogbo ara rẹ̀ ti gan nìyẹn, ó di kí ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Èyí tó bá ń kú fúnra rẹ̀ tó tún ń jí, dákú-dájí ni, ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò fún iná mànàmáná láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí kò dúró tí kò sì yára, ó ń fà. Há, gan, dákú-dájí, fà: àìsàn mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ sì sábà máa ń da há àti gan pọ̀. Ibi tí Windows ti máa ń kọ ọ́ pé iṣẹ́ kan kò fèsì, "kò jẹ́" ló yẹ kó wà níbẹ̀. A pè é, kò jẹ́. Ta ni kò ní yé?

Awakọ̀ wá ńkọ́? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní driver kò wa ohunkóhun. Ó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun èlò tí a so mọ́ ọn, irú bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ti ọ̀hún fún ti ìhín. Ògbufọ̀ ni. Bí ògbufọ̀ bá ṣì í sọ, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn, kọ̀ǹpútà á há.

RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni àríyànjiyàn tó kù. "Ìrántí" ni ọ̀pọ̀ ń pè é, n kò sì fara mọ́ ọn: bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pòórá. Kí ni ìrántí nínú ìyẹn? Àyè iṣẹ́ ni. Ibi tí ẹrù ń gbé tí kì í pòórá bí iná bá lọ, àká ni. Nígbà tí àyè iṣẹ́ bá kún, ẹ̀rọ á máa kó iṣẹ́ lọ síbi àká, tó lọ́ra jù ú lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí fà, lẹ́yìn náà á há. Àká tí ibì kan nínú rẹ̀ bá ti bàjẹ́ lè mú un há pẹ̀lú. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè kó ẹrù yín jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ̀yin tó ń ṣe atúmọ̀ èdè, àti ẹ̀yin tó ń kọ ìwé ìléwọ́ fún àwọn òbí wa, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó jókòó ṣẹ̀dá orúkọ gígùn, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí aráyé ti ń sọ. Ẹ kọ há, gan, jẹ́ àti ògbufọ̀ sínú ìwé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì yọ yìnyín kúrò.