Ìbòrí Ògiri Ẹ̀yìn Iná nínú Ilé Ìdáná

Ìbòrí ògiri ẹ̀yìn iná ni ohunkóhun tí a bá fi bo ògiri tó wà láàárín pèpéle ìdáná àti kábínẹ́ẹ̀tì òkè, níbi tí gáàsì àti síǹkì wà, kí epo, omi àti ooru má baà ba ògiri náà jẹ́. Gíga rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Táìlì ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo ọ̀dà, òkúta mábù, gíráníìtì, gíláàsì, irin tí kì í dípẹtà tàbí ike pẹlẹbẹ. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ń wò bí wọ́n bá dé ọjà. Epo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò: irú èyí tí wọ́n fi ń dáná, bó ṣe ń ta sára ògiri, àti ibi tó ń wọ̀ sí tí kò fi ní jáde mọ́.

Oúnjẹ wa kì í fi ògiri lọ́rùn sílẹ̀. Ata tó bá ń hó á máa ta pàrà, ẹja àti dòdò á máa fọ́n epo ká bí wọ́n bá ti kan agbada, ẹni tó bá sì fẹ́ se ayamáṣe ní láti yọ epo lórí iná títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí, tí èéfín á gba inú ilé kan. Epo pupa yàtọ̀ sí òróró ní ọ̀nà méjì tó kan ògiri gbọ̀ngbọ̀n. Ó ń dì: ẹ̀kán tó ta sára ògiri lálẹ́, bí ọyẹ́ bá mú, á ti dì mọ́ ọn kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku á sì bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kàrótíìnì tó fún un ní pupa a máa pa nǹkan láró. Bí epo bá ta sára ohun tí ojú rẹ̀ dán, omi gbígbóná àti ọṣẹ á ṣí i kúrò. Bí ó bá ta sára ohun tó ń mu omi, ó ti wọlé nìyẹn.

Èyí ni a ó fi dá táìlì lẹ́jọ́. Táìlì ògiri lásán jẹ́ amọ̀ sísun tí ara rẹ̀ lè mu omi tó ju 10 lọ nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí pọ́sílénì kì í mu ju ìdajì 1 lọ nínú 100. Síbẹ̀, lára ògiri, àwọn méjèèjì ń ṣe dáadáa, nítorí ojú dídán tí wọ́n sun mọ́ ọn kì í jẹ́ kí epo wọlé. Ojú ìpàdé wọn ni wàhálà wà. Símẹ́ǹtì funfun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lẹ táìlì fi ń dí i, símẹ́ǹtì sì ń mu epo bí búrẹ́dì ṣe ń mu ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ògiri bá gùn ní mítà 3, tó sì ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà, táìlì mẹ́wàá tó jẹ́ 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ló máa bò ó bí a bá tẹ́ wọn ní ìdùbúlẹ̀, àpapọ̀ ojú ìpàdé wọn á sì jẹ́ mítà 5.4. Bí a bá lo táìlì kéékèèké tó jẹ́ 7.5 sí 15, ojú ìpàdé á di mítà 32.4. Bí ó bá jẹ́ àwọn wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5, a ti ní ju mítà 140 lọ tí a ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì há. Ògiri kan náà ni o.

Àwọn kan lè sọ pé táìlì kéékèèké ló lẹ́wà jù, àti pé òun ni wọ́n fi bo ògiri ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York láti ọdún 1904. Òótọ́ ni, ẹwà rẹ̀ kò sì ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dín ẹja ní ibùdókọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i lè lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síǹkì, níbi tó jẹ́ pé omi nìkan ló ń ta, kí ó fi táìlì ńlá sẹ́yìn gáàsì ní àwọ̀ tó bá a mu.

Òkúta mábù ni mo rò pé àwọn èèyàn ń ṣìnà sí jù. Kálísíọ́ọ̀mù kábọ́néètì ni, ohun kíkan sì máa ń jẹ ẹ́. Tòmátì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà á jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú níbi tí wọ́n bá ta sí, kò sì sí ọṣẹ tó lè dá dídán náà padà. Gíráníìtì le jù ú lọ, kíkan kì í sì í ṣe é ní nǹkan, àmọ́ ó lè mu epo díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa fi oògùn dí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ojú ìpàdé rárá, ó sì lágbára ju gíláàsì lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọn kò lè gé e tàbí lu ihò sí i mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú un le, nítorí náà ihò sókẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni àwọn ilé oúnjẹ ń lò, iná àti epo kò sì lè rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bá pẹ́ lára rẹ̀ lè dá ihò tíntìntín sí i. Ike pẹlẹbẹ kò yẹ ní ẹ̀yìn iná rárá. Ó ń rọ̀ ní nǹkan bí 80 dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ooru tí kò tó ti omi híhó, bí ó bá sì gbaná, èéfín rẹ̀ ń ṣèpalára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Ọ̀pọ̀ á sọ pé ọ̀dà tó ń dán ni agbára àwọn gbé, àti pé bí ó bá ti dọ̀tí, àwọn á tún un kùn. Mo gbà fún wọn ní ti ògiri tó jìnnà sí iná. Lẹ́yìn gáàsì, fífọ̀ lójoojúmọ́ á pa dídán ọ̀dà náà rẹ́, epo á sì máa hàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ayálégbé tí kò fẹ́ náwó sórí ilé onílé lè ra irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, kí ó fi ìṣó olójú dè é mọ́ ẹ̀yìn gáàsì, kí ó sì tú u bí ó bá ń kó lọ. Ti ẹni tó ń dín ẹja àti ata lẹ́yìnkùlé tún yàtọ̀: epo àti ata kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ògiri inú ilé rẹ̀, ó sì lómìnira láti lo èyíkéyìí tó bá wù ú, mábù pẹ̀lú.

Fún àwọn tó kù, táìlì ńlá tó dán ni mo fọwọ́ sí, kí ojú ìpàdé rẹ̀ má ju mílímítà 2 lọ, kí wọ́n sì fi epoxy, lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pò, dí i dípò símẹ́ǹtì funfun, nítorí epoxy kì í mu epo. Ó wọ́n jù, ó sì tètè ń le, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pò ó, wọ́n sì ń nu èyí tó bá ṣẹ́kù sójú táìlì kíákíá. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí onílé ti bá oníṣẹ́ sọ ọ́, torí bí símẹ́ǹtì bá ti gan sínú ojú ìpàdé, fífi irin ha á jáde ló kù, ibẹ̀ sì ni etí táìlì ti ń bù.