Àwọn Àwo Orin Randy Weston àti Ọwọ́ Tí Wọ́n Gbà Kọjá

Láàárín ọdún 1954 tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde àti ọdún 2018 tí ó papò dà, Randy Weston, atẹdùùrù jáàsì ọmọ Brooklyn ní ìlú New York, gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àwo orin tí ó lé ní mẹ́wàá, ní Amẹ́ríkà, ní Faransé, ní Switzerland àti ní Morocco. Jáàsì ni orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nínú èyí tí olórin ti máa ń fi orí ara rẹ̀ dá ohùn tuntun lé orin tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, lójú agbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn àwo wọ̀nyí kò lè ka orúkọ wọn léra lásán, nítorí pé àwo kan náà jáde pẹ̀lú orúkọ méjì, àwo méjì tí kò bára tan sì ń jẹ́ orúkọ kan. Ilé-iṣẹ́ kan wọ gbèsè, òmíràn ta gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún olówó tuntun, tí orin sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láì jẹ́ pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ọ̀nà méjì ni orin Weston gbà tún jáde: ọ̀nà ti àwọn tí ó ni tẹ́ẹ̀pù, àti ọ̀nà ti olórin fúnra rẹ̀, tí ó ń tún orin kan náà lù títí.

Ọdún 1926 ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Frank Weston, wá láti Panama, ìdílé wọn sì ti Jamaica ṣẹ̀ wá. Ó ń ta oúnjẹ ní Brooklyn, ó sì jẹ́ ọmọlẹ́yìn Marcus Garvey, ẹni tí ó ń kéde pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn odi mọ ara wọn sí ọmọ Áfíríkà. Lẹ́yìn tí Weston ti ṣiṣẹ́ ológun tí ó sì ti dé Okinawa ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òkè Berkshire ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀sán tí ó sì ń tẹ dùùrù ní alẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ọ̀mọ̀wé Marshall Stearns ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa bí jáàsì ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ wá, níbẹ̀ náà sì ni àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ Riverside ti gbọ́ ọ. Ó yẹ kí a kíyè sí irú ilé-iṣẹ́ tí Riverside jẹ́ nígbà náà: Bill Grauer àti Orrin Keepnews dá a sílẹ̀ ní ọdún 1953 láti tún jáàsì àtijọ́ gbé jáde, ìyẹn orin ọdún 1920 sí 1930 tí ó wà lórí àwo ẹlẹgẹ́ tí ó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Weston ni olórin òde òní àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ẹni tí ìtàn àwo rẹ̀ yóò kún fún àtúngbéjáde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí àtúngbéjáde jẹ́ òwò wọn.

Wọn kò gbà kí ó fi orin tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1954, jẹ́ orin Cole Porter, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ti mọ̀ nínú eré orí ìtàgé, Sam Gill nìkan ni ó sì bá a lù ú, tí ó ń ta báàsì, ìyẹn ohun èlò olókùn ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ tí a ń gbé nàró. Àwo oníǹṣì mẹ́wàá ni, irú èyí tí kò gba orin púpọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú Art Blakey tí ó ń lu ìlù, àwọn aṣàyẹ̀wò inú ìwé ìròyìn Down Beat sì dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí atẹdùùrù tuntun tí ó tayọ ní 1955. Nígbà tí ó fi máa di 1956, ọjà ti kọ àwo oníǹṣì mẹ́wàá sílẹ̀ fún oníǹṣì méjìlá, nítorí náà Riverside kó orin tí Weston lù pẹ̀lú Blakey sí apá kan àwo tuntun, wọ́n fi orin tí ó dá nìkan tẹ̀ kún apá kejì, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Trio and Solo. Báyìí ni àtúngbéjáde àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ kí ọdún méjì tó pé: ìwọ̀n àwo ló fà á, kì í ṣe pé àwọn olùgbọ́ béèrè fún un.

Bill Grauer kú ní òpin ọdún 1963, Riverside sì wọ gbèsè ní 1964. Tẹ́ẹ̀pù wọn gba ọwọ́ àwọn mìíràn kọjá kí ilé-iṣẹ́ Fantasy ní ìpínlẹ̀ California tó rà wọ́n ní 1972. Fantasy ni ó dá ọ̀wọ́ Original Jazz Classics sílẹ̀ ní ìgbà 1980, tí ó ń tẹ àwo àtijọ́ jáde pẹ̀lú àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọn gan-an. Inú ọ̀wọ́ yìí ni àwọn tí wọn kò tíì bí ní ìgbà náà ti wá rí Jazz à la Bohemia, èyí tí Weston gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Café Bohemia ní 1956.

Ìyípadà ńlá dé nígbà tí Weston bá Melba Liston pàdé. Obìnrin yìí ń fọn tròńbóònù, fèrè gígùn tí a ń fà síwá sẹ́yìn, ní ìgbà tí agbo jáàsì kì í fẹ́ gba obìnrin láàyè bí kò bá jẹ́ pé ó ń kọrin lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìtò orin ni ẹ̀bùn rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù. Olùtò orin ni ẹni tí ń pinnu ohun tí fèrè kọ̀ọ̀kan yóò sọ, ìgbà tí yóò sọ ọ́ àti ẹni tí yóò dá a lóhùn. Nínú àwo Little Niles, tí United Artists gbé jáde ní 1959, Liston gba orin méje tí Weston kọ fún àwọn ọmọdé, tí gbogbo wọn ń lọ ní ìlù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì pín wọn fún àwọn fèrè lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ohùn dùùrù Weston fúnra rẹ̀ ni a ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ọmọ Weston, Niles, ni ó fún àwo náà ní orúkọ. Òun náà di onílù lẹ́yìn náà, ó sì ń jẹ́ Azzedin. Bí a bá yọ iṣẹ́ Liston kúrò nínú àwo orin Weston, ohun tí yóò kù dára, ṣùgbọ́n kò ní tó ohun tí à ń kọ ìtàn lé lórí.

Àwọn méjèèjì náà ni ó ṣe Uhuru Afrika fún ilé-iṣẹ́ Roulette ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ní ọdún tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́tàdínlógún bọ́ lọ́wọ́ àwọn amúnisìn. Uhuru ni òmìnira ní èdè Swahili. Langston Hughes, akéwì ńlá ti Harlem, ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà, Martha Flowers àti Brock Peters sì ni wọ́n kọ ọ́ lórin. Nídìí ìlù, Max Roach ti jáàsì jókòó pẹ̀lú Candido àti Armando Peraza ti Cuba, àti Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídó lẹ́bàá Badagry, ẹni tí àwo tirẹ̀, Drums of Passion, ti ń gbé ìlù Yorùbá dé ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò ṣeé fojú fò pé ọmọ Yorùbá àti ọmọ Cuba jókòó pọ̀ nídìí ìlù kan náà, nítorí pé púpọ̀ nínú ìlù tí ó wọ jáàsì láti Cuba jẹ́ èyí tí àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Yorùbá àti Congo gbé dé ibẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fi òfin de àwo náà ní 1964, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àwọn gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961 ni Weston kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ AMSAC, tí àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti gbé àṣà Áfíríkà lárugẹ, kó àwọn olórin àti òǹkọ̀wé wá sí Èkó, Hughes, Ọlátúnjí àti Nina Simone wà lára wọn. (Ní 1967 ni àṣírí tú pé owó àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, CIA, ni ẹgbẹ́ náà fi ń ná, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wá kò mọ̀.) Weston tún padà wá ní 1963. Ní Èkó ni ó ti mọ Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, àgbà nínú àwọn olórin háílàìfù, ẹni tí ilé ijó rẹ̀, Caban Bamboo, ń kún dẹ́múdẹ́mú ní alaalẹ́. Háílàìfù ni orin ijó tí ó ti Ghana dé Nàìjíríà, tí ó da fèrè àwọn ológun, gìtá àti ìlù ìbílẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Weston padà délé, ilé-iṣẹ́ Colpix gbé àwo tí ó ń jẹ́ Highlife jáde fún un: orin tí ó bẹ̀rẹ̀ àwo náà, Caban Bamboo Highlife, gba orúkọ lára ilé ijó Benson; Niger Mambo sì jẹ́ orin tí Benson fúnra rẹ̀ kọ; Mystery of Love sì wá láti ọ̀dọ̀ Guy Warren, onílù ará Ghana. Ẹni tí ó bá mọ háílàìfù Èkó yóò gbọ́ pé kì í ṣe òun gan-an nìyí: gìtá tí ó máa ń ta wérewère kò sí níbẹ̀, fèrè ni Liston gbé ẹrù rẹ̀ rù, Booker Ervin sì ń fọn sasofóònù pẹ̀lú ìrora búlúù, orin ìbànújẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ti gúúsù Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú ni, nítorí pé a kọ orúkọ Benson sí orin Benson, èyí tí kì í fi gbogbo ìgbà ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 1964 ó fi owó ara rẹ̀ tẹ àwo kan, ó pè é ní Randy, ó sì fi orúkọ Bakton sí i gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́; Niger Mambo tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú African Cookbook. Atlantic gbà á ní 1972, wọ́n tún un gbé jáde, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí African Cookbook. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ olùkójọ àwo ti ń ṣìnà, nítorí pé Polydor ti gbé àwo mìíràn jáde ní Paris ní 1969 pẹ̀lú orúkọ kan náà. Àwo tí ó gbà sílẹ̀ ní 1965 lábẹ́ ìdarí Duke Ellington kò jáde títí di 1977. Èyí tí ó lù lójú agbo ní Monterey ní 1966 dúró títí di 1994.

Ní 1967 ìjọba Amẹ́ríkà rán an káàkiri Áfíríkà, ó sì jókòó sí Morocco, níbi tí ó ti ṣí ilé orin kan ní Tangier, tí ó sì ti kọ́ orin àwọn Gnawa, àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Àwo Blue Moses ti 1972 ni ó bọ́ sí inú rògbòdìyàn jù: ilé-iṣẹ́ CTI ní kí ó tẹ pianó oníná, wọ́n sì tún fi fèrè tí Don Sebesky tò kún un. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò sí àwo rẹ̀ mìíràn tí ó tà tó o. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òun àti Liston ṣe Tanjah bí ó ti wù wọ́n.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Liston ní 1985. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Verve gba Weston mọ́ra, kọ̀ǹpútà ni Liston fi to orin The Spirits of Our Ancestors, èyí tí a gbà sílẹ̀ ní 1991, tí Dizzy Gillespie àti Pharoah Sanders sì fọn fèrè nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí ó ti lù tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu Weston. Àwo àtijọ́ kò sí lọ́jà mọ́, àwọn tí ó ni wọ́n kò sì yára tẹ̀ wọ́n, àtúnlù nìkan ni àtúngbéjáde tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò náà jí nígbẹ̀yìn. Nítorí pé rírà lẹ́yìn rírà ti kó tẹ́ẹ̀pù United Artists àti Roulette sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI, ó ṣeé ṣe fún ilé-iṣẹ́ Mosaic, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún jáàsì gbé jáde ní ìwọ̀nba, láti kó iṣẹ́ Weston láti 1957 sí 1963 sínú sídíì mẹ́ta ní 2003. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹ̀dà péré ni wọ́n tẹ̀. Yunifásítì Harvard gba àkójọ ìwé orin, lẹ́tà àti tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ ní 2016. Àwo méjì tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, The African Nubian Suite ní 2017 àti Sound ní 2018, jáde lábẹ́ African Rhythms, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí kejì, tí ó dá nìkan tẹ̀ ní 2001, ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì pinnu ọjọ́ tí yóò jáde.