Eré ìjà tó ń mú ọkàn balẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti abúlé Aro, l'Ábẹ́òkúta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìtìjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí àwọn òbí kan fi ọmọ wọn pamọ́ sínú yàrá bí ọpọlọ rẹ̀ kò bá rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí ìpayà bá ń dé bá a nígbà gbogbo. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ Aro nìkan ti tó láti fi bú ènìyàn. Síbẹ̀, Aro yìí kan náà ló fi han ayé pé iṣẹ́, eré àti ẹgbẹ́ rere wà lára oògùn ọkàn. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn tó ń fi kàráté, júdò àti irú eré ìjà bẹ́ẹ̀ ran àwọn akàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ ń tọ̀ lónìí.

Bí Aro ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1944 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé ìtọ́jú kan sí Lantoro, l'Ábẹ́òkúta, fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì dé pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, padà wálé láti wá darí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aro.

Lambo kò dúró kí ilé parí. Ó bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan dání, ìbáà jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, aláìsàn a padà sí abúlé, a bá àwọn onílé ṣiṣẹ́ oko, a bá wọn jó, a sì bá wọn ṣeré. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, ó sì kú ní ọdún 2004.

Ohun tí eré ìjà ń ṣe

Kí kàráté tó dé ni Yorùbá ti ní ìjàkadì tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní ẹkẹ. Agbára nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ja ẹkẹ gbọ́dọ̀ pa òfin mọ́, kó mọ ìgbà tó yẹ kó di ẹnìkejì mú, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀.

Irú ètò báyìí ló ń ran ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lọ́wọ́, nítorí pé ohun tó bá ń bọ̀ lójijì máa ń dà á láàmú. Nínú kàráté, ìṣíkiri ara kan wà tí wọ́n ń pè ní kata: ẹsẹ̀ báyìí, ọwọ́ báyìí, bákan náà lójoojúmọ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Iran gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 30 tó ní ọ́tísíìmù. Ìdajì wọn kọ́ kata fún ọ̀sẹ̀ 14. Jíju ọwọ́ tàbí mímì ara léraléra láìnídìí dín kù púpọ̀ lára àwọn tó kọ́ ọ, àǹfààní náà sì ṣì wà lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti dáwọ́ dúró. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fúnni nírètí.

Ní ti ẹni tí àníyàn ń bá jà, ó ń kọ́ bí a ṣe ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí àyà bá ń já. Ó ń rí i pé kí ọkàn máa lù kìkì kì í ṣe ikú.

Àwọn afọ́jú ti ń ja júdò nínú ìdíje Paralympics láti ọdún 1988 ní Seoul. Wọ́n á kọ́kọ́ di aṣọ ara wọn mú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Taekwondo àwọn tí ọwọ́ wọn kò pé wọ inú ìdíje náà ní Tokyo ní ọdún 2021.

Ohun tó yẹ kí òbí ṣọ́

Eré ìjà kò rọ́pò dókítà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì. Ó yẹ kí dókítà yẹ ọmọ tó ní wárápá wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní Down syndrome náà nílò àyẹ̀wò, nítorí egungun ọrùn àwọn mìíràn nínú wọn kì í dúró ṣinṣin. Olùkọ́ tó ń lù tàbí tó ń pariwo kò yẹ. Kí ìbátan kan sì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lambo ṣe là á kalẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà fi òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀. Òfin nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí òbí tì pa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láàárín ènìyàn ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè rí ìwòsàn.