Jim Reeves àti Ohun tí Àwọn Olólùfẹ́ Orin Kọ́ńtírì ń pè ní "Ti Àtijọ́"

Láàárín àwọn tí ó ti ń gbọ́ orin kọ́ńtírì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà èwe wọn, ìráhùn kan wà tí kì í tán. Wọ́n ní orin náà ti bàjẹ́, pé èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń kọ kì í ṣe kọ́ńtírì mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n ni Jim Reeves, tí àwo orin rẹ̀ gbayì ní Nàìjíríà pẹ́ títí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ti rò. Jim Reeves tí wọ́n fi ń díwọ̀n àyípadà wà lára àwọn tí ó mú àyípadà ńlá wọ inú orin náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1927 ni Ralph Peer gba ohùn ìdílé Carter àti ti Jimmie Rodgers sílẹ̀ ní ìlú Bristol, ní ààlà Tennessee àti Virginia. Àní nígbà náà pàápàá, "orin àtijọ́" ni àwọn tí ń ta àwo fi ń polówó irú orin bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni bánjò ti wá. Fáyólìnì, tí òun àti gòjé jọ ara wọn, ti Yúróòpù ni. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ lélẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin fà lórí okùn, erékùṣù Hawaii ni orírun rẹ̀. DeFord Bailey, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ àkọ́kọ́ lórí ètò Grand Ole Opry ti rédíò WSM ní Nashville, ènìyàn dúdú ni. Wọ́n lé e kúrò ní 1941. Ó di 2005, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni orin náà. Àwọn tí ó ń bèèrè ní 2024 pé kí ni Beyoncé ń wá nínú kọ́ńtírì kò wo ẹ̀yìn wò.

Reeves fúnra rẹ̀ kò fi ohùn tútù bẹ̀rẹ̀. Mexican Joe tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní 1953, orin alárìyá ni. Lẹ́yìn náà ni rock and roll dé. Láti 1956 tí òkìkí Elvis Presley gba ìgboro kan, àwọn ọ̀dọ́ ń kẹ̀yìn sí kọ́ńtírì, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò sì ń tẹ̀ lé wọn. Chet Atkins ní ilé-iṣẹ́ RCA àti Owen Bradley ní Decca pinnu láti fa ojú àwọn àgbà ìgboro mọ́ra. Wọ́n ti fáyólìnì oníjó àwọn ará oko àti gìtá onírin sẹ́yìn. Wọ́n fi dùùrù, ẹgbẹ́ agberin àti ọ̀wọ́ fáyólìnì tí ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dípò wọn. Nínú Four Walls ti ọdún 1957, Reeves fi ẹnu súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tímọ́tímọ́, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ń bá ènìyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. He'll Have to Go, tí ó jáde ní ìparí 1959, fi ẹsẹ̀ ọ̀nà náà múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ọjà nìkan kò lè mú ohùn dùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sì ṣòro láti mọ ìdí tí etí Yorùbá fi gbà á: Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara létí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ilé-ìwé, agberin rẹ̀ sì dún bí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ó ń wà já nítòsí Nashville, ó sì kú. Ohun tí ó tẹ̀ lé ikú yìí ni ó ṣe kókó jù. RCA kò dẹ́kun láti máa gbé àwo rẹ̀ jáde láti inú ohùn tí ó ti gbà sílẹ̀. Distant Drums gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ní 1981, wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rọ so ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Patsy Cline, tí òun náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1963. Ẹni tí ó ń ra àwo wọ̀nyí lè rò pé orin náà dúró sójú kan. Akọrin náà ni kò lè yí padà mọ́.

Ní Nashville, ìjà ń lọ. Ní 1974, Country Music Association fi ẹ̀bùn akọrin obìnrin tí ó tayọ fún Olivia Newton-John tí ó dàgbà ní Ọsirélíà. Àwọn àgbà olórin bínú, wọ́n péjọ sí ilé George Jones àti Tammy Wynette, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1975, Charlie Rich ṣáná sí ìwé tí orúkọ John Denver wà nínú rẹ̀ lórí ìtàgé. Bẹ́ẹ̀ sì ni orin tútù olófáyólìnì ni ó sọ Rich fúnra rẹ̀ di ẹni ńlá.

Síbẹ̀, gbogbo ìráhùn kọ́ ni asán. Ní 1999, àwọn olùṣètò ayẹyẹ ẹ̀bùn yìí kan náà ní kí George Jones gé orin rẹ̀, Choices, kúrú. Ó kọ̀, kò sì lọ. Alan Jackson dá orin tirẹ̀ dúró láàárín, ó kọ díẹ̀ nínú ti Jones, ó sì kúrò lórí ìtàgé. Àyè fún àgbà nínú ilé tí ó bá wọn kọ́ ni ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀dùn àwọn olólùfẹ́ sì tọ̀nà.

Ní ti gìtá onírin tí Atkins àti Bradley tì sẹ́yìn, kò kú. Nígbà tí King Sunny Adé gbé Juju Music jáde ní 1982, Demola Adepoju ni ó ń ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan. Olólùfẹ́ Jim Reeves ní Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn irin kọ́ńtírì àtijọ́ náà yóò gbọ́ ọ nínú àwo jùjú yẹn ju inú He'll Have to Go lọ.