Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Òkè: Ìtàn Wàràkàṣì Reblochon

Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ni olóòtú ètò yìí pè wá sí lónìí. Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti mẹ́nu ba iṣu, epo àti àgbò tí àgbẹ̀ ń gbé lọ fún onílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Èmi fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ mú yín lọ sí orí òkè Alps, ní agbègbè Savoie tí ó di apá kan ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1860, kí a lọ wo wàràkàṣì kan tí ìṣákọ́lẹ̀ bí. Reblochon ni orúkọ rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn darandaran àfonífojì Thônes kì í ṣe onílẹ̀. Àwọn ìjòyè àti ilé àwọn mọ́ńkì ni ó ni pápá orí òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ da màlúù gòkè nígbà ooru, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́, yóò san ẹ̀tọ́ onílẹ̀, iye tí yóò san sì wà lọ́wọ́ bí wàrà tí màlúù rẹ̀ ń mú jáde bá ti pọ̀ tó. Nítorí náà, ọjọ́ ń bẹ tí aṣojú onílẹ̀ ń gòkè wá wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Darandaran a fún màlúù, ṣùgbọ́n kò ní fún un tán. Aṣojú a wọn èyí tí ojú rẹ̀ rí, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ lọ. Bí ó bá ti pẹ̀yìn dà, darandaran a tún jókòó ti màlúù, a fún ìyókù sínú garawa. Ní èdè àwọn ará Savoie, reblocher ni wọ́n ń pe títún ọmú màlúù fún lẹ́ẹ̀kejì. Láti ibẹ̀ ni orúkọ wàràkàṣì náà ti wá.

Òpìtàn a máa ṣọ́ra fún irú ìtàn báyìí, nítorí ènìyàn fẹ́ràn láti hun ìtàn mọ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n màlúù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Wàrà tí ó gbẹ̀yìn nínú ọmú ni ó lọ́ràá jù. Ọ̀rá rẹ̀ a máa tó ìlọ́po méjì ti àkọ́fún, a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣojú onílẹ̀ wọn èyí tí ó pọ̀ lọ, ó fi èyí tí ó dára jù sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ jẹ. Wàrà tí ó lọ́ràá bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe wàràkàṣì tí ó rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí bóyá olè kọ́ ni darandaran náà. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Onílẹ̀ kò da màlúù, kò fún wàrà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó wọ̀n ni ó sì fi ń dá ẹjọ́ gbogbo ọjọ́ yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í se wàrà náà. Bí wọ́n bá ti fún màlúù, tí ìgbóná ara màlúù ṣì wà nínú wàrà, wọn a dà á sínú ìkòkò ńlá, wọn a sì da oje inú àpòlúkù ọmọ màlúù mọ́ ọn kí ó lè dì. Àwọn obìnrin Fúlàní tí ń ta wàrà ní ọjà wa kì í lo àpòlúkù. Omi ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un dì, wọ́n sì ń sè é lórí iná. Nígbà tí ti Savoie bá dì, wọn a gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ọkà, wọn a kó o sínú abọ́ oníhò tí a tẹ́ aṣọ sí, wọn a gbé ohun tí ó wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rì í sínú omi iyọ̀. Bí lítà wàrà 4 ni ó ń di wàràkàṣì kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, tí ó sì wọn bí ìdajì kílò.

Inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù ni iṣẹ́ gan-an wà. Orí pákó igi spruce ni wọ́n ń tò ó sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a máa yí i padà, wọn a sì máa fọ èèpo rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń fọ̀ dànù. Rárá o. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí ọ̀rinrin má bàa kúrò lára rẹ̀, kí irú àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ó fẹ́ràn ọ̀rinrin àti iyọ̀ lè gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sọ èèpo náà di àwọ̀ ọsàn pípọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń fún un ní òórùn. Ìbátan wọn ń gbé ní ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó wọ bàtà pẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn Reblochon tí ọkàn yín sì lọ sí ìbọ̀sẹ̀, imú yín kò purọ́. Inú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ó rọ̀, ó ń dán, adùn rẹ̀ sì tutù lẹ́nu.

Ní ọdún 1958 ni òfin Faransé dáàbò bo orúkọ náà. Lábẹ́ òfin yìí bí ó ti rí lónìí, irú màlúù mẹ́ta péré ni wàrà rẹ̀ lè ti wá, èyíinì Abondance, Tarentaise àti Montbéliarde, a kò sì gbọdọ̀ sè é. Bí ó bá jẹ́ oko kan náà ni wọ́n ti fún màlúù tí wọ́n sì ti ṣe wàràkàṣì, àmì àwọ̀ ewé ni yóò wà lára èèpo; bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ń kó wàrà jọ láti oko púpọ̀, àmì pupa ni.

Lóde òní, oníṣègùn àti aṣòfin ni ó ń yẹ garawa darandaran wò. Ìlànà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sọ pé wàràkàṣì tí a fi wàrà àìsè ṣe gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 60 kí ó tó dé ọjà. Reblochon a ti rà kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí náà kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń bínú sí èyí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aṣojú onílẹ̀ àtijọ́ ni ó padà dé. Èmi kò bá wọn lọ dé ibẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn ọmọdé kan ṣàìsàn kíndìnrín ní Faransé, wọ́n sì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Reblochon tí ilé iṣẹ́ kan ṣe. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi wàràkàṣì àìsè irú èyí fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Ọmọ kò mọ ìtàn ìṣákọ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì. Kí ó gbé e jáde kúrò nínú òtútù ní wákàtí kan ṣáájú, kí ó sì wo àmì ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé lójoojúmọ́, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń ṣe é ní oko náà, ní kété tí wọ́n bá ti fún màlúù. Wọn kì í ṣẹ́ kankan kù mọ́.