Tẹ́tẹ́: Láti Orí Owó Ẹyọ dé Yàrá Póka

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń ná lọ́jà náà ni wọ́n fi ń ta á. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń di ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó bá pàdánù ọ̀kẹ́ kan kò lè fi í pamọ́, nítorí 20,000 ẹyọ jẹ́ ẹrù tí ènìyàn ń rù lórí.

Gbèsè rẹ̀ pàápàá kì í fara sin. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣàpèjúwe bí ológò ṣe ń lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí yóò máa pariwo, tí yóò sì máa mú adìyẹ àti oúnjẹ tó bá rí níbẹ̀, títí wọn yóò fi san owó. Bí kò bá sí owó, a lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín.

Ní 1923, John Moores àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Littlewoods sílẹ̀ ní Liverpool. Irú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ló di púùlù lọ́dọ̀ wa, tí àwọn àgbàlagbà ń fi bírò wá ọ̀mì lórí ìwé. Orí ọpọ́n ayò ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì.

Kasínò ní tirẹ̀ jẹ́ ti olówó. Ní Èkó, ó fìdí múlẹ̀ ní Federal Palace, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí ní 1960, ọdún òmìnira. Ní yàrá póka, nǹkan bí ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń yí tábìlì kan ká. Òṣìṣẹ́ ilé ni yóò pín káàdì: méjì fún olúkúlùkù, márùn-ún fún gbogbo wọn ní àárín. Ike róbótó ni wọ́n ń tò síwájú dípò owó, èyí tí í mú kí ọwọ́ tètè yá láti ná an. Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò, nítorí ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára lè fi àyà líle lé ẹni tí tirẹ̀ dára sá. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń pè é ní eré ọgbọ́n. Síbẹ̀, onílé a ti yọ ìpín tirẹ̀ kí ẹni tó jẹ tó kó owó. Àwọn tó jókòó ń jẹ ara wọn. Onílé kò ta, kò sì pàdánù.

Lónìí, ilé tẹ́tẹ́ ti wọ àpò ṣòkòtò. Ní Under G, nítòsí Yunifásítì LAUTECH tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fóònù ta owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán lóru kí aládùúgbò tó jí. Kò sí ojú tí yóò wò. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bá ta, òun náà ló sì ti ṣírò iye tí yóò san.

Ológò burú, ìwọ̀fà burú jù ú lọ. A kò fẹ́ kí wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ariwo ológò a máa jẹ́ kí ẹbí mọ̀ pé ọmọ wọn ti jìn sí kòtò. Fóònù kì í pariwo.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ti 2005, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ọwọ́ Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ wà báyìí, kì í ṣe ọwọ́ Àbújá. Bí ìjọba Ọ̀yọ́ yóò bá gba owó orí lórí tẹ́tẹ́, kí ó tún pa á láṣẹ pé kí a mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń ta á, kí a sì fi gbèdéke sí iye tí ènìyàn lè pàdánù lóòjọ́. Àwọn òbí pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dúró de òfin kí wọ́n tó bi ọmọ wọn léèrè ibi tí owó lọ.